Ohun Tí Dókítà Sọ fún Gàfárù

"Ẹ tú àpò Ìyá Bushrah wò kí wọ́n tó jáde," Kúlúsúmù sọ láti orí ibùsùn. "Ìyókù ohun tí wọ́n ń bù sí ògì mi lè wà níbẹ̀."

Gàfárù, ọkọ rẹ̀, kò tú nǹkan kan. Ilẹ̀ ló ń wò, bíi télọ̀ tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Afeez," ni Karimat, ìyáálé, wí, "ṣé ẹ̀yin náà gbà pé mo fún un ní májèlé?"

"Ṣì máa lọ sílé yín ní Àrẹ̀mọ ná. Tí ara ẹ̀ bá yá, a ó pè ẹ́."

Karimat gbé ẹrù rẹ̀ jáde. Obìnrin kan tó ń fọṣọ lójúde kí i pé, "Ìyá Bushrah, ẹ kú ògì sísè o." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Ikọ́ tó ń ṣe Kúlúsúmù kò bá Karimat lọ. Kúlúsúmù kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Lórí ìjókòó ló ń sùn. Ìgbà náà ni Gàfárù tó mú un padà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti la àyà rẹ̀ nígbà tí Afeez ọmọ wọn ṣì ń rákò. Afeez ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì báyìí.

Dókítà wo fọ́tò àyà náà títí. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta díẹ̀."

"Ibí ni kí ẹ ti sọ ọ́," ni Kúlúsúmù wí. "Èmi ni mo ni àyà."

"Kókó tí a yọ ló tún hù. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó sì lè pẹ́ gan-an kó tó padà. Ìdí tí a fi ní kí ẹ máa wá ya fọ́tò lọ́dọọdún nìyẹn."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Ọkọ yín, Mà."

"Wọn kì í sọ irú ẹ̀ fún aláìsàn," ni Gàfárù wí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣe oore. "Mi ò fẹ́ kí àyà ẹ já."

"Nígbà tí mo ní Ìyá Bushrah ni wọ́n ń fún mi ní májèlé ńkọ́? Ṣé ẹ ti mọ̀?"

Ilẹ̀ ló tún ń wò.

"Ẹ gé e jáde," ni Kúlúsúmù sọ fún dókítà.

"Ó ti dì mọ́ ọkàn yín. Ká ní ẹ tètè wá ni."

Láti ibẹ̀, Àrẹ̀mọ ni Kúlúsúmù ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ. Karimat ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní kó jókòó, kò sì ní kó máa lọ.

"Àìsàn àtijọ́ yẹn ni," Kúlúsúmù wí, ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó ń mí gúlegúle. "Kì í ṣe yín."

Karimat wọlé, ó bu omi wá. Ó dúró síwájú rẹ̀, lójú gbogbo agboolé, ó mu nínú omi náà, ó gbé e mì, ó la ẹnu kí Kúlúsúmù rí i. Lẹ́yìn náà ló tó gbé ife náà lé e lọ́wọ́.