Mọ́tò Tí Kò Gbé Nǹkan Kan

Bàbá kan wà tó jẹ́ káfíńtà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì bí. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, bàbá gbẹ́ mọ́tò kékeré kan fún un, ó ha á títí ó fi ń dán, ó wá fi ọ̀dà pupa kùn ún. Ọmọ wò ó tiwájú tẹ̀yìn.

"Bàbá mi, kí ló gbé?"

"Kò gbé nǹkan kan. Ṣé o ò rí bó ṣe rẹwà ni?"

"Kí ló wá ń lọ ṣe?"

Ẹ̀rín pa káfíńtà. Lójú ẹsẹ̀ ló gé ẹ̀yìn mọ́tò náà, ó ṣe é ní ọkọ̀ akẹ́rù. Láti ọjọ́ náà, orí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni eré wọn. Ọmọ á kó èérún pákó sẹ́yìn ọkọ̀, á máa fẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì. Bàbá, tòun ti irùngbọ̀n, á na gbalaja sílẹ̀, á di ọlọ́pàá.

"Dúró! Kí lo kó?"

"Bisikíìtì àwọn èèrà ni, ọ̀gá."

Ibẹ̀ ló ti yé bàbá pé ọ̀dà kọ́ ló ń mú ọkọ̀ ìṣeré dùn, iṣẹ́ tí ọmọ bá rán an ni.

Nígbà tó yá, àárín bàbá àti ìyàwó rẹ̀ dàrú. Ìyàwó kó ọmọ lọ sí ìlú mìíràn. Ọdún márùn-ún gbáko, orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ara wọn. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, bàbá ń fi pákó ṣe típà onítáyà mẹ́wàá kan de ọmọ náà.

Ọjọ́ tí ìyá àti ọmọ wá kí i, ọmọ ti ga dé èjìká ìyá rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

Sà! Ọ̀rọ̀ náà gún bàbá lọ́kàn. Ó gbé típà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ṣé, sà. Ó dáa gan-an." Ó gbé e lé itan bí àwo ẹni ẹlẹ́ni.

Bàbá kúnlẹ̀, ó bu èérún pákó, ó ní, "Dúró! Kí lo kó?"

Ọmọ wo ojú ìyá rẹ̀. "Mi ò kì í ṣeré yẹn mọ́, sà."

"Òótọ́ ni," ni bàbá wí, ó dìde, ó ń gbọn èérún pákó kúrò lórúnkún. "O ti dàgbà."

Ó sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Nígbà tó padà, oníbàárà kan ti ń dúró dè é nítorí ilẹ̀kùn tó ní kó bá òun ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá lọ́la."

Ó wọlé, ó pa fèrèsé dé, ó sì sunkún bí ọmọdé.