Òdòdó Mẹ́fà fún Màmá Stoyka

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Nevyana fi ya àwòrán "Wá Ìyàtọ̀ Mẹ́wàá" fún ìwé ìròyìn kan nílùú Ruse. Àwòrán méjì tó jọra ni, olùkàwé á sì máa wá ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra. Ọdún mọ́kànlá náà ni Lyudmil, olóòtú ìwé ìròyìn ọ̀hún, fi ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ wọn láìtijú. Nígbà tí ilé ìkàwé àdúgbò wá fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá, pé ó kọ́ àwọn àgbà ìlú láti máa wòye, inú Nevyana ru. Orúkọ rẹ̀ ló fẹ́ gbà padà, ó sì fẹ́ kó dun Lyudmil wọ egungun.

Lyudmil fúnra rẹ̀ ló la ọ̀nà fún un.

"Nevyana, ya èmi àti màmá mi, kí n máa gbé òdòdó fún wọn lọ́jọ́ ìbí wọn. Iwájú ni wọ́n máa jókòó lọ́jọ́ ayẹyẹ, inú wọn á dùn."

"Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, àbí?"

"Ṣé mo ti yẹ iṣẹ́ ẹ wò rí? Ọkàn mi balẹ̀."

Nevyana ya òdòdó méje sí Lyudmil lọ́wọ́ nínú àwòrán apá òsì. Nínú ti apá ọ̀tún, mẹ́fà ló yà. Ìyàtọ̀ mẹ́wàá ló kọ sínú ìdáhùn tó fún Lyudmil. Kò ka ti òdòdó mọ́ ọn. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kùn ún lọ́dà, kò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n pín àwòrán náà káàkiri. Ojú àwọn àgbà wọ̀nyí ti mú gan-an. Kò pẹ́ tí bàbá kan fi nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá Lyudmil, mọ́kànlá lèmi rí o."

"Mẹ́wàá ni, bàbá. Èmi tí mo yà á ni mo mọ̀."

"Ẹ ka òdòdó yẹn."

Gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní Ruse, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé òdòdó mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, itẹ́ òkú ni wọ́n ń gbé e lọ; mẹ́ta, márùn-ún, méje ni ti alààyè. Màmá Stoyka, ìyá Lyudmil, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, fi ìka tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún wọn kà.

"Lyudmil, mẹ́fà lo gbé wá fún mi?"

"Màmá, àṣìṣe ni."

"Ìwọ tí ò ń kọ́ gbogbo ìlú bí wọ́n ṣe ń wòye? O fọwọ́ ara ẹ yà mí sínú sàréè, o ní àṣìṣe ni. Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Lyudmil bojú wẹ̀yìn, ó rí Nevyana tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń wò ó. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé méjì péré ló kù fún un: kó jẹ́ ọmọ tó ń retí ikú ìyá rẹ̀, tàbí kó jẹ́ olè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo yà á. Nevyana ni."

"Èyí nìkan?"

"Gbogbo wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Nevyana dé ìdí ọkàn. Àmọ́ Màmá Stoyka ti dìde, ó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ wá bá a. Ó na àwòrán náà àti bírò sí i.

"Kọ orúkọ ẹ síbẹ̀, ọmọ mi. Kí n lè mọ ẹni tó sin mí láàyè."

Nevyana gba bírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún.