Ọwọ́ Orí Àkàbà

“Ó ń gun àkàbà ilé wa láràárọ̀, Dókítà. Ẹnikẹ́ni kì í fà á.”

Rhoda ló sọ bẹ́ẹ̀, kí Ọmọ́yẹlé ọmọ rẹ̀ tó la ẹnu. Dókítà Fọláránmi tún wo ẹsẹ̀ òsì ọmọbìnrin náà, èyí tí àìsàn ti sọ di tín-ín-rín láti kékeré, ó sì mú bírò.

Ilé-ìwé àwọn olùkọ́ tó gba Ọmọ́yẹlé ní ìlú òkè, àjà kẹta ni kíláàsì rẹ̀ wà. Wọ́n ní bí dókítà bá kọ ọ́ pé kò lè gun àtẹ̀gùn, àwọn á gbé kíláàsì náà wá sísàlẹ̀. Torí ìwé yẹn nìkan ni wọ́n ṣe tukọ̀ láti Molútẹ̀hìn wá sí Òde-Ugbò.

Nínú ọkọ̀, ó ti ṣàlàyé títí ẹnu fi bó o. “Ìyé, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé mi ò lè gùn ún.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní kí bàbá rẹ sọ ibi tó ń dùn ún.”

Lawrence, bàbá rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ wọṣẹ́ epo nígbà kan. Dókítà iléeṣẹ́ náà rọra bi í léèrè, ó sì jẹ́wọ́ pé àyà máa ń dun òun. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n dá a padà sídìí àwọ̀n. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn ládùúgbò wọn níwájú dókítà tó bá mú bírò dání.

“Ṣé òótọ́ ni?” Dókítà bi Ọmọ́yẹlé.

Ó wo ìyá rẹ̀. Kí ni ọmọ fẹ́ wí? Kó pe ìyá tó bí i ní òpùrọ́ níwájú àlejò? Ẹyin lohùn, èyí ti balẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Dókítà kọ ọ́ pé ó lè gun àtẹ̀gùn, ó sì fi òǹtẹ̀ lu ìwé.

Orin ni Rhoda ń kọ bí wọ́n ti ń padà. “Wọn ò lè dá ọ padà mọ́, ọma mi.” Inú ń bí Ọmọ́yẹlé, àánú ìyá rẹ̀ sì ń ṣe é. Ó ń tukọ̀ lọ ṣáá.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ilé wọn tó dúró lórí òpó nínú omi, Rhoda kọ́kọ́ gun àkàbà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lókè, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀ bó ti máa ń ṣe láràárọ̀. Ọmọ́yẹlé dì í mú. Ìyá ń fà á, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ tẹ̀ lé e.

Àárín àkàbà ni Ọmọ́yẹlé wà nígbà tó yé e pé òun kò ní í lọ sí ibì kankan.