Àjókù Ìdí Ìkòkò

"Ẹ má sọ̀rọ̀ o! Ẹni tó bá la ẹnu kó tó kọ máàkì ẹ̀, omi ló máa mu títí a ó fi tú ká," ni Mzukisi, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́ ọtí wò, wí bó ṣe ń gbé ife kẹrin ka iwájú àwọn mẹ́sàn-án tó jókòó sínú gáréèjì rẹ̀ ní New Brighton. Ọ̀sán Sátidé ni, afẹ́fẹ́ òkun ìlú Gqeberha sì ń gbo ilẹ̀kùn páànù jìgìjìgì. Wọ́n ti fi bébà wé gbogbo ìgò, nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ọtí ta ni òun ń mu.

Nozuko gbé ife sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi ẹnu kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi.

Kì í ṣe òórùn èéfín lásán ló wà nínú rẹ̀. Àjókù ni, ọkà àgbàdo tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, tí ìyá rẹ̀ máa ń fi ṣíbí irin ha, tí yóò sá a sórí páànù, tí yóò wá dà á sínú ọtí ọkà bàbà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Nozuko wà lọ́mọdé lábúlé, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń jẹ àjókù ìkòkò ìyá wọn, àfi òun. "Ti ọtí ni," ni ìyá rẹ̀ máa ń wí, á sì gbá a lọ́wọ́. Ẹkún tó ti sun sí i kò lóǹkà. Kò tíì gbọ́ ọ rí pé apọntí mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sì sọ ọ́ fún. Phumla ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, tó mú un wọ ẹgbẹ́ yìí, tó jókòó tì í báyìí tó ń jẹ bisikíìtì bí ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sìnkú ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́, nígbà tí àwọn méjèèjì ń fọ ìkòkò lẹ́yìn ilé.

Ẹni tó bá gbégbá orókè lónìí, ilé-iṣẹ́ ọtí kékeré kan létí òkun yóò máa pọn ọtí rẹ̀ jálẹ̀ ìgbà ooru, orúkọ rẹ̀ á sì wà lára ìgò. Nozuko náà mú ọtí wá. Ife kejì ni, bíà pupa kan tó kọ́ nínú ìwé, tó korò bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fẹ́ ẹ. Ti ìyá rẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn. Ká sòótọ́, ó wá sí i lọ́kàn, ojú ló tì í. Àwọn tó ń sọ pé àwọn gbóòórùn òdòdó àti ọsàn nínú bíà, ṣé ọtí inú garawa abúlé ni kó wá gbé síwájú wọn?

Ó mú bírò. Bó bá kọ méjì, ọtí Phumla kú nìyẹn, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kú lẹ́ẹ̀kan, kò lè tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Ó kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, inú rẹ̀ sì korò bí ewúro.

Nígbà tí Mzukisi ka máàkì tán, ife kẹrin fi máàkì kan péré borí ife keje. Ó ya bébà ara ìgò náà, ó ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Phumla! Ìwọ lo gbé irú eléyìí pamọ́? Níbo lo ti rí adùn tó ń rùn bí iná yẹn?"

"Ọgbọ́n orí mi ni, bọ̀ọ̀dá," ni Phumla fèsì tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò bojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nozuko tẹ̀ sí i létí. "Orí ta?"

"Má bẹ̀rẹ̀ níbí, jọ̀ọ́."

"Ìyá mi ò tíì pọ́dún kan nílẹ̀, Phumla."

"Mo mọ̀. Ta ló bá ẹ fọ ìkòkò òkú? Ṣé èmi kọ́ ni?" Phumla wá kọjú sí i, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọdún mẹ́fà rèé tó o ti wà lẹ́gbẹ́ yìí. O ti sọ fẹ́nì kan rí pé ìyá ẹ ń pọntí? Nígbà tí bọ̀ọ̀dá Mzukisi bi ẹ́ léèrè iṣẹ́ màmá ẹ, nọ́ọ̀sì lo pè é. Ìwọ lo jù ú nù, èmi ni mo ṣà á. Ohun tá a bá ní là ń náání, ọ̀rẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Nozuko wọ eegun, nítorí kò sí irọ́ níbẹ̀. Olè tó jà á ti burú, ṣùgbọ́n kí olè tún jàre olóhun, ìyẹn ló fẹ́ mú un sunkún lójú gbogbo èèyàn.

Mzukisi ti da ìyókù ọtí sínú ife ńlá kan kó lè yí ká. Baba Bhele, tó dàgbà jù láàárín wọn, na ọwọ́ dá a dúró.

"Ẹ rọra ná. Bíà òyìnbó la ti ń mu bọ̀, n ò wí nǹkan kan. Eléyìí, ọtí tiwa ni. Apọntí ló ń kọ́kọ́ mu, ká lè mọ̀ pé kò sí májèlé ńbẹ̀. Phumla, ọmọ mi, ó yá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ìyá kankan níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí ẹnu àkọ́kọ́ yẹn ń wí: ọwọ́ mi ló ṣe é, bó bá pa yín, èmi ni kẹ́ ẹ mú. Phumla gbé ife. Ó dé àgbọ̀n rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ó wo Nozuko, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀.

Nozuko gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mu ún. Ó kan, ó korò díẹ̀, àjókù tí wọn kò jẹ́ kó jẹ lọ́mọdé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Ó gbé ife fún Baba Bhele.

"Kò sí májèlé ńbẹ̀, Baba."

Mzukisi wo ẹnì kìíní, ó wo ẹnì kejì, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Orúkọ ta wá ni kí n kọ báyìí?"

"Nosayinethi," ni Nozuko wí. "Ìyá mi ni. Apọntí ni, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Mzukisi họ orí. "Olóògbé… Òfin wa ò ka òkú mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ o, Nozuko."

"Ẹ ṣe é bí òfin yín bá ṣe wí."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Mọ́tò Phumla ni àwọn méjèèjì bá wá. Phumla ti dìde, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Nozu, jẹ́ ká máa lọ. A máa sọ ọ́ lọ́nà."

"Máa lọ. Mà á wọ takisí."

Nínú takisí, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ ìjọ jókòó tì í, ó gbóòórùn ọtí lára rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn. "Ọ̀sán gangan, àǹtí! Ọtí ta lẹ lọ mu báyìí?"

Nozuko kò yíjú kúrò. "Ti ìyá mi ni, mà," ló wí.