Àpótí Kẹtàdínlógún Kò Sùn Tó

Mẹ́fà àbọ̀. Mẹ́fà àbọ̀ ṣì dáa. Bí ooru inú àpótí bá ti wà láàárín méjì sí mẹ́jọ, kò séwu — èmi ni mo kọ ọ́ sára ògiri fún gbogbo wọn, mo tún fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Mẹ́fà àbọ̀ kò tíì kọjá ìlà. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni láàárọ̀… Kí n má wò ó mọ́. Kí n da fóònù tó ń fi ooru inú ẹ̀ hàn mí yìí dojú bolẹ̀ sórí páálí, kí n ka nọ́ọ̀tì irin tí a fi ń de àpótí, tí mo ní mo wá kà.

Nọ́ọ̀tì wo? Mo ti ka abọ́ kan yìí lẹ́ẹ̀mẹta, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí.

Wọ́n ṣì wà nínú yàrá iwájú. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi ìkẹ́rùsí níbí. Àlejò mẹ́ta, àwọn tó fẹ́ bá wa dá ilé iṣẹ́ gidi sílẹ̀, ká lè kúrò nínú ilé oníyàrá mẹ́rin yìí. Ọ̀gá Kékeré ń ṣàlàyé fún wọn bí ayé ṣe ń gbóná sí i lọ́dọọdún, bí àpótí wa ṣe ń fi oòrùn kan náà tó ń jó wa mú nǹkan tutù, láìsí epo, láìsí èéfín. Ó mọ̀ ọ́n sọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó fẹ́ gba gbogbo ayé là, kò wá lè ní sùúrù òru mẹ́ta.

Òru mẹ́ta péré.

Òfin mi ni. Kò sí nínú ìwé ẹnì kankan. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣọ́ yàrá yìnyín níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja dídì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Etí mi ni mo fi kọ́ ọ, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ tó máa dójú tini kì í ṣe é lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo wọn ló ń hùwà bí ìyàwó tuntun. Ó di òru kejì, òru kẹta, kí rọ́bà etí ilẹ̀kùn tó sún kì, kí bátìrì tó jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ara òun ò yá. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé àpótí kankan ò gbọdọ̀ jáde àfi tó bá sùn. A ó kó ìgò omi kún inú ẹ̀, a ó tì í, òru mẹ́ta, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án. Tó bá yege, èmi fúnra mi ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀: Ó TI SÙN. Gíláàsì, ọmọbìnrin tó ń to ẹ̀rọ wa, tí awò ojú ẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní, Màmá, ṣé ẹ kì í kọrin fún un kó tó sùn ni? Kó máa rín lọ. Mẹ́rìndínlógún ló ti jáde, ọ̀kan ò padà wálé.

Mẹ́rìndínlógún. Ìkẹtàdínlógún wá…

Òru kan ló sùn. Òru kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, dírẹ́bà ní bí òun bá lọ báyìí òun ò tún gba ọ̀nà yẹn mọ́ lọ́sẹ̀ yìí, Ọ̀gá Kékeré fọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn àlejò wa fẹ́ kí ọ̀kan ti wà nílé ìwòsàn kí wọ́n tó wá." Kò pàṣẹ. Ká ní ó pàṣẹ ni, ǹ bá bá a jà, mo mọ ìjà jà dáadáa. Ó bẹ̀ mí ni. Ó ní, "Ọwọ́ yín ló wà." Mo bá mú ṣọ́ọ̀kì.

Ọwọ́ mi. Ọwọ́ yìí náà ni.

Méje dín díẹ̀. Mo ní mi ò ní wò ó mọ́.

Ẹja tó bá bàjẹ́ á rùn. Ẹja ṣeun, ó ń kìlọ̀ fúnni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà nínú àpótí yẹn, ìyẹn kì í rùn, kì í yí àwọ̀. Bí ooru bá ti pa á, á kàn jókòó jẹ́jẹ́ sínú ìgò ẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Wọ́n á gún un fún ọmọ jòjòló. Ọmọ á ké, ìyá á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì pé ó ti gbà á. Kò gba nǹkan kan. Omi lásán. Tí àìsàn bá wá dé lẹ́yìn ọdún kan, ta ló máa mọ̀ pé láti ibi ìkẹ́rùsí wa níbí ni ó ti…

Rárá. Kí n fara balẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ó lè wálẹ̀ fúnra ẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Fìríìjì àtijọ́ tó ń lo gáàsì ṣì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí àpótí náà wà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa fi kó wọn síbẹ̀. Tí mo bá ní kó kó wọn báyìí ńkọ́? Àwọn àlejò máa pe nọ́ọ̀sì yẹn kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, aago méjì, wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Á sọ fún wọn pé àpótí ti ṣófo. Wọ́n á béèrè ẹni tó ní kó jáde. Nọ́ọ̀sì á ka ohun tí mo kọ sẹ́yìn ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá dúró di aago mẹ́ta… wákàtí kan àti díẹ̀ ṣá ni. Wọn ò ní í tíì fún ọmọ kankan. Àbí wọ́n á ti fún un? Mi ò tiẹ̀ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń gún un.

Obìnrin tó wà láàárín àwọn àlejò yẹn. Ó wo káàdì tí mo gbé kọ́rùn, ó wo bàtà mi, ó béèrè ẹni tó ń darí ètò iṣẹ́. Ọ̀gá Kékeré ní, "Màmá wa nìyí, àwọn ló ń bá wa tọ́jú ilé." Tọ́jú ilé. Èmi tí mò ń wá irin, tí mò ń wá ọkọ̀, tí mò ń bá àwọn aṣọ́bodè jiyàn, tí mo mọ ẹni tí orí ń fọ́ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa kó tó mọ̀ fúnra ẹ̀. Obìnrin náà béèrè ibi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Mo ní nídìí ẹja. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó ní tí àwọn bá dé, àwọn á wá ẹnì kan tó kàwé iṣẹ́ náà, kó máa ràn mí lọ́wọ́. Mo mọ irú ìrànlọ́wọ́ yẹn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àga tuntun, ó sì máa ń parí sí ẹnu ọ̀nà.

Kò yé ọmọ tí mo bí náà. "Màmá, kí ni iṣẹ́ yín gan-an?" Mo ní èmi ni mò ń rí i pé gbogbo nǹkan rí bó ṣe yẹ kó rí. Ó ní, "Ṣé ẹ ti di Ọlọ́run ni?"

Ọdún mẹ́ta ni mo fi débí. Mo ti lé láàádọ́ta. Ta ló tún máa gbà mí? Tí wọ́n bá lé mi níbí, ìdí ẹja náà ni, tí wọ́n bá tilẹ̀…

Méje.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún ara mi, ohun tí mo ṣe láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì pè mí nígbà tí ooru inú àpótí di márùn-ún. Ẹ̀rín wà lóhùn ẹ̀, ó ní òun rí ohun tí mo kọ sẹ́yìn àpótí, ó ní bó bá ti sùn tó, kó jí wá ṣiṣẹ́. Dípò kí n sọ òótọ́, mo béèrè bóyá kì í ṣe pé ó ń ṣí i lemọ́lemọ́. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ohùn ẹ̀ bá lọ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Bóyá èmi ni mi ò tì í dáadáa."

Mo gba ẹ̀bẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kó tún un tì.

Ó bẹ̀ mí. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Tó bá dójú ẹ̀, mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Obìnrin tí kò kàwé, kí ló mọ̀ nípa bátìrì? Wọ́n á gbà á gbọ́ wéréwéré. Wọ́n ti gbà á gbọ́ kí n tó lanu. Wọ́n á ṣàánú mi, wọ́n á fi mí sílẹ̀ nídìí páálí mi níbí, kí n máa to nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀sì ló lè sọ pé òun ò mọ̀. Gíláàsì, tó ń rín mi, lè sọ ọ́. Ọ̀gá Kékeré gan-an, tó dá kinní náà sílẹ̀, ó lè fi Bíbélì búra, kò sì ní í purọ́. Nínú gbogbo ilé yìí…

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bẹ̀rù pé wọ́n máa rí i lọ́jọ́ kan pé mi ò mọ̀. Gbogbo òru ni mo ń bẹ̀rù ẹ̀. Kì í ṣe ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn báyìí.

Mo mọ̀. Èmi nìkan ló mọ̀. Mo mọ̀ nígbà tí mo mú ṣọ́ọ̀kì.

Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín níwájú. Àga ń dún, ó jọ pé wọ́n fẹ́ dìde, wọ́n ń bọ̀ wá wo ẹ̀yìn. Méje ó lé díẹ̀. Orúkọ nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ ìka mi, mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó ń dún lọ́hùn-ún. Kì í ṣe "bóyá" ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe "ṣé ẹ tì í dáadáa." Ó ń dún… Kó gbé e… Ó gbé e. Nọ́ọ̀sì, ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀, ẹ ti tì í dáadáa. Àpótí yẹn ò sùn tó. Èmi ni mo kọ ọ́ pé ó sùn.