Géètì Etí Òkun

Èmi Mutolib kò fẹ́ràn ibi tí kò ní géètì. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń ṣe ojúsàájú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣọ́ géètì ẹ̀sítéètì kan ní Magodo, mo sì ti rí i dájú pé ọ̀dọ̀ ẹni tó wọlé láìgba àṣẹ ni gbogbo wàhálà ayé yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tó mọ ohun tí mò ń sọ ni alága ẹ̀sítéètì wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀. Àwọn ló mú òfin kóòdù wá. Tí àlejò bá fẹ́ wọlé, onílé ni yóò fi nọ́ńbà mẹ́rin ránṣẹ́ sí i láti orí fóònù. Àlejò á ka nọ́ńbà náà fún mi, màá yẹ̀ ẹ́ wò, màá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé mi, màá wá gbé ọ̀pá sókè. Tó bá ṣì í kà lẹ́ẹ̀mẹta, á lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Onílé gan-an, mọ́tò rẹ̀ tí mo mọ̀ ló fi ń wọlé; tó bá fẹsẹ̀ rìn dé, òun náà á ka kóòdù láti orí fóònù rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, fóònù Alága kú, mọ́tò wọn sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé nínú òjò láìní kóòdù. Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n mọ̀ mí. Mi ò ṣí. Nígbà tí wọ́n padà ráyè wọlé, tí omi ń kán tótó lára wọn, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "Mutolib, báyìí ni kí o máa ṣe é." Inú mi dùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Inú Mummy, ìyàwó Alága, ni kò dùn. Mummy Adéníkẹ́ kì í pariwo. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń gbé yàrá kan ní Kétu ni Alága ti ṣèlérí pé àwọn yóò mú ìyàwó àwọn lọ sí etí òkun kan tó dákẹ́: kò ní sí orin níbẹ̀, kò ní sí ẹni tó ń ta súyà, kò ní sí ẹni tó ń fi ẹṣin gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti gorí ìlérí yìí. Lọ́dọọdún ni ìpàdé máa ń dé. Ìpàdé lórí iná, ìpàdé lórí ajá, ìpàdé lórí ẹni tó yẹ kó máa pe ìpàdé.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, àwọn méjèèjì dúró nínú mọ́tò kí n gbé ọ̀pá sókè. Gíláàsì mọ́tò wà nílẹ̀, gbogbo ohun tí Mummy sọ ni mo gbọ́.

"Daddy Jayé, Tuesday ni flight mi. Ọmọ yín ní kí n máa bọ̀ ní Canada, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá màá padà. Tí èmi àti ẹ̀yin bá jọ ki ẹsẹ̀ bọ omi òkun ní Saturday yìí, màá padà wálé. Tí a ò bá ṣe é, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má retí mi."

Ọ̀pá ti gòkè tán, mọ́tò ò lọ. Àánú Alága ṣe mí gan-an.

"A máa lọ, Mummy Jayé," Alága dáhùn. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Mutolib, ṣé géètì wà ní etí òkun tó wà lẹ́yìn Ìbẹ́jú?"

Mo ní mi ò dé ibẹ̀ rí. Alága pe ẹnìkan tó mọ ibẹ̀ lórí fóònù. Ẹni yẹn ní kò sí géètì, kò sí fẹ́nsì, kò sí ilé, àfi àgbọn àti iyanrìn. Ojú Alága yí padà. "Ibi tí ẹnikẹ́ni kàn lè gbà wọlé?" Ní ọjọ́ kejì, èmi àti wọn lọ sí Owódé Onírin, wọ́n ní kí wẹ́dà kan jó géètì fún wa: òpó irin méjì, ọ̀pá gígùn kan tí a fi ọ̀dà pupa àti funfun kùn. Wẹ́dà béèrè pé, "Ọ̀gá, fẹ́nsì ńkọ́?"

"Fẹ́nsì wà ní phase two," ni Alága wí.

Ní Sátidé, a so géètì mọ́ orí jíìpù. Èmi wà lẹ́yìn, mo wọ yunifọ́ọ̀mù mi, ìwé àlejò mi wà lórí itan mi. A kọjá Ìbẹ́jú, títì ọlọ́dà parí, iyanrìn bẹ̀rẹ̀, jíìpù sì dúró lábẹ́ igi àgbọn.

Kí n má purọ́, ibẹ̀ dára. Iyanrìn lọ títí lápá ọ̀tún, ó lọ títí lápá òsì, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀ àfi ti akàn. Òkun ń rọra dà sílẹ̀, ó ń fà padà, ó tún ń dà sílẹ̀, bí ẹni tó ń fọ ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mummy bọ́ bàtà wọn. Wọ́n ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́." Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ní kí a gbọ́ náà nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì rí ibi tó ṣí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

A gbẹ́ ilẹ̀, a ri òpó mọ́ àárín mọ́tò àti omi, a gbé ọ̀pá lé e. Géètì náà dúró gedegbe. Lọ́tùn-ún rẹ̀, iyanrìn. Lósì rẹ̀, iyanrìn. Ọkàn mi wá balẹ̀. Alága gbàdúrà kúkúrú, wọ́n ní àwọn ti ṣí i, kí n tì í. Mo tì í.

"Ó tó báyìí," Mummy wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ síbi omi."

Mo kí wọn bí iṣẹ́ ṣe ní kí n kí èèyàn. "Ẹ káàbọ̀, Mummy. Kóòdù yín?"

Mummy wo ọkọ wọn. Alága mú fóònù jáde láti fi kóòdù ránṣẹ́ sí wọn. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n gun orí jíìpù, wọ́n na fóònù sókè ọ̀run.

Ìgbà náà ni bàbá àgbàlagbà kan ń bọ̀ láti ibi omi, àwọ̀n wà léjìká wọn, apẹ̀rẹ̀ ẹja wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá Salaudeen ni wọ́n ń jẹ́, apẹja ni wọ́n, etí òkun yẹn ni wọ́n ti dàgbà. Gbogbo ilẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí géètì, wọ́n yà wá síwájú ọ̀pá, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ibí ni wọ́n ń gbà báyìí?"

"Ibí ni, Bàbá."

"Ó mà dáa o. Látọjọ́ yìí, mo kàn ń rìn káàkiri ni."

Mo gbé ọ̀pá sókè, Bàbá jáde. Wọ́n wo bí ọ̀pá ṣe sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó wù wọ́n. Wọ́n ní àwọn fẹ́ padà wọlé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé àlejò ló ń gba kóòdù lọ́wọ́ onílé, àwọn sì ni onílé, inú ni mo ti rí wọn jáde, mo bá gbé e. Bàbá wọlé, Bàbá jáde, Bàbá tún wọlé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n lọ mú ewúrẹ́ wọn wá kí òun náà lè kọjá.

"Ṣé kí n fún ọ̀gá tó wà lórí mọ́tò yẹn ní kóòdù?" Bàbá béèrè.

Alága gbọ́ láti òkè. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ mí rí?"

"Rárá o."

"Ẹ ò gbọdọ̀ fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ ní kóòdù!"

Bàbá ní àwọn ti gbọ́, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni.

Mummy ṣì dúró síwájú ọ̀pá, bàtà wà lọ́wọ́ wọn. "Daddy Jayé, omi nìyẹn."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń yọjú!"

"Mo ní omi nìyẹn."

"Ó tún ti lọ."

Mummy mí kanlẹ̀. Wọ́n wá ṣe ohun tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni ṣe rí láti ọdún mọ́kànlá: wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ géètì kọjá. Kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún lọ.

Mo kígbe. "Mummy! Ẹ ò tíì wọlé o!"

"Mo ti wà nínú ilé, Mutolib," ni wọ́n dáhùn, wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n rìn títí omi fi mu wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n kọjú sí òkun.

Alága sọ̀ kalẹ̀ wéréwéré. "Ta ló ṣí fún un?"

"Kò sẹ́ni tó ṣí, sir. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbà."

Alága wo ẹ̀gbẹ́ géètì náà fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé géètì ní ẹ̀gbẹ́. Mo ní, "Chairman sir, bóyá kí ẹ̀yin náà..."

"Mutolib! Tí èmi bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kí ni mo fẹ́ padà lọ máa sọ fún àwọn residents?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó tún jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún wọn sí i. Àwa méjèèjì jọ ronú, Alága ló sì rí ojútùú rẹ̀ nínú òfin. "Òun ló wà nínú. Òun ni onílé báyìí, èmi ni àlejò. Kó fún mi ní kóòdù."

Bàbá Salaudeen ní àwọn yóò jẹ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n gba géètì wọlé, wọ́n lọ bá Mummy, wọ́n padà pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. "Ìyàwó yín ní nọ́ńbà mẹ́rin ni. Wọ́n ní ọjọ́ àti oṣù tí ẹ ṣèlérí òkun fún wọn ni."

Ojú Alága ṣú. Wọ́n dárúkọ nọ́ńbà kan, Bàbá lọ, Bàbá dé. "Wọ́n ní ọjọ́ ìbí Jayé nìyẹn."

Alága dárúkọ òmíràn. "Wọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó yín nìyẹn. Wọ́n ní ẹ ṣé tí ẹ rántí."

Alága di ojú, wọ́n ka ẹ̀kẹta síta pẹ̀lú ìdánilójú. Bàbá pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé, wọn ò sì fẹ́ wo ojú Alága. "Wọ́n ní ọjọ́ ìpàdé gbogboogbò ẹ̀sítéètì nìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ti pé. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣe é. "Chairman sir, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú." Alága kò bá mi jiyàn. Wọ́n lọ jókòó lórí kúlà omi tútù tí a gbé wá, nínú oòrùn, pẹ̀lú bàtà dúdú tí wọ́n fi ń lọ sí ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀ wọn.

Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Alága bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bá sọ ọ́. "Kò sí iná lọ́jọ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké, ṣọ́ọ̀ṣì kan ń ṣe ìsọjí lójúde wa. Ìwé kan ló fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lára. Ó ní ṣé ibì kankan wà láyé yìí tí ariwo ò dé? Mo ní etí òkun. Mo rántí aṣọ tó wọ̀, Mutolib. Mi ò rántí ọjọ́." Omi bọ́ lójú wọn. Èmi náà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí tèmi náà fẹ́ bọ́.

Nígbà tí a ń sọ èyí, òkun ti ń kún. Kò pẹ́ tó fi dé ẹsẹ̀ òpó. Mo na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Kò dúró. Ó gba abẹ́ ọ̀pá, ó gba ọ̀tún, ó gba òsì, kò ka nọ́ńbà kankan fún mi. Bó ṣe fẹ́ kan bàtà Alága ni wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí kúlà, nítorí wọn ò tíì gba àṣẹ láti wọ inú omi.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé. Alága ní, "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún Adéníkẹ́ pé mi ò rántí ọjọ́ náà. Ẹ ní aṣọ rẹ̀ nìkan ni mo rántí." Mi ò gbọ́ kí Alága pe orúkọ Mummy lásán bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá lọ. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n dé, sòkòtò wọn ti rẹ dé orúnkún.

"Wọ́n ní àwọn náà ò rántí ọjọ́ náà. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti gbàgbé rẹ̀." Bàbá mú ẹnu sún mọ́ etí Alága, ṣùgbọ́n mo gbọ́. "Wọ́n ní, aṣọ wo?"

Alága bọ́ bàtà. Wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ká a sínú bàtà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. "Mutolib, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ni mo gbà."

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́. Mi ò dá wọn dúró. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Mummy, wọ́n dúró tì wọ́n nínú omi, ohùn wọn sì dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa nítorí ariwo ò sí. "Aláwọ̀ ewé ni. Bọ́tìnnì funfun ló ní, ọ̀kan ti já." Mummy rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di apá ọkọ wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú.

Ìgbà náà ni géètì wó. Omi ti gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Bàbá Salaudeen bẹ̀ wá pé kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn.

Mummy lọ sí Canada ní Túsìdeè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọ́n padà, èmi ni mo gbé ọ̀pá sókè fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ń dà mí láàmú nínú ìwé mi, nítorí mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi mọ́. Orúkọ: Ọ̀gbẹ́ni Olúdayọ̀. Ẹni tí wọ́n wá rí: ìyàwó wọn. Ibi tí wọ́n gbà: ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tí wọ́n wọlé: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níwájú ìgbà tí wọ́n jáde, mi ò rí nǹkan kan kọ, nítorí kò sí géètì mọ́ nígbà tí àwọn méjèèjì ń bọ̀. Lójú òfin, wọ́n ṣì wà nínú omi.