Mo Ti Tún Un Kọ

Kò sí ẹni tó fipá mú Samsudeen Ládòkun búra. Ẹnu ara rẹ̀ ló yá. Wọ́n ti ní kí Nọ́ọ̀sì Àdìjátù, tí gbogbo Ṣakí mọ̀ sí Ìyá Misturat, gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì kó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, obìnrin náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí ó parí sí. Samsudeen bá dìde láàárín èrò, ó ní kí wọ́n gbé e fún òun náà.

"Mo búra pé ẹ̀rọ mi ò sọ nǹkan kan nù."

Ohun tó fà á ni pé wọ́n gún aláboyún kan láti Àgọ́-Àrẹ ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì nílé ìwòsàn, ara obìnrin náà sì wú, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ẹni tó gún un ti kọ́kọ́ wo kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé kò sí oògùn tí ara obìnrin yìí kọ̀. Ìyá Misturat ló sì kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀.

"Mo ti tún un kọ," ni Ìyá Misturat ń wí ṣáá. "Bó ṣe rántí pé pẹnisílìnì ń yọ òun lẹ́nu ni mo tún un kọ lójú ẹsẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rí ohun tó tún kọ. Ọkọ aláboyún pariwo pé irọ́ ni, ló bá di ìbúra.

Bẹ́ẹ̀, àkókò tí Ìyá Misturat ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni Samsudeen ń kó ẹrù. Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà kì í ṣe irin tí èèyàn lè gbé. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ló ń gbé bí ayálégbé. Samsudeen ló ṣe ètò tó ń kó irú ayálégbé bẹ́ẹ̀ láti inú ẹ̀rọ kan lọ sínú òmíràn láìjẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Nọ́ọ̀sì á máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kò ní mọ̀ pé wọ́n ti ń kó o. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé wọ́n pín ohun tí kọ̀ǹpútà ń rántí sí ojú ewé ojú ewé, ètò á sì máa dà wọ́n kọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni bá tún fọwọ́ kàn, àmì á hàn lára rẹ̀ pé ó ti dọ̀tí, ètò á sì padà wá dà á kọ. Bí o bá bá Samsudeen jókòó níbi ìkómọ, ojú ewé tó dọ̀tí ni yóò fi dí ọ létí títí wọn yóò fi sọ ọmọ lórúkọ.

Lẹ́yìn ìbúra, Dókítà Mákánjúọlá tó ni ilé ìwòsàn ní kí Ìyá Misturat lọ máa sinmi nílé. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn obìnrin tó ti gbẹ̀bí fún bẹ̀rẹ̀ sí yà fún un lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Samsudeen gbádùn. Kì í ṣe àánú, ká má purọ́. "Tún" ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Mo ti kọ ọ́" ni gbogbo èèyàn gbọ́, òun náà sì gbọ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú ewé tó sọnù ló ń wá nínú ẹ̀rọ. Ojú ewé kankan kò sì sọnù. Ṣùgbọ́n Ìyá Misturat ní òun tún un kọ: ewé kan náà, ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Samsudeen jókòó, ó mú ojú ewé kan, ó ń tún un kọ léraléra bí ètò náà ti ń dà á kọ. Kò pẹ́ tí ohun tó kọ kẹ́yìn fi sọnù.

Ìgbà náà ló rí i. Ó yẹ kí ètò kọ́kọ́ pa àmì rẹ́ kó tó da ewé kọ, kó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án lásìkò yẹn, àmì tuntun á yọ. Tirẹ̀ ń da ewé kọ tán kó tó pa àmì rẹ́. Ẹni tó bá kọ nǹkan láàárín méjèèjì, àmì tirẹ̀ á bá ti àtijọ́ lọ, ètò ò sì ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ojú tì í, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà nínú yàrá. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó sì ti fọ́. Ó tún ètò náà ṣe kíákíá, ó wá pinnu pé òun á lọ bẹ obìnrin náà nílé, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀. Ó ní oníbàárà ní Ìṣẹ́yìn àti Ìgànná. Ta ló máa gbé ẹrù fún aláàárù tó ń da ẹrù sọ́nà?

Ọ̀sán gangan ló bá Ìyá Misturat lábẹ́ igi ẹ̀mí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ó kí Samsudeen bí ẹni pé kò sí nǹkan, nítorí Samsudeen àti Misturat ọmọ ìyá náà ni wọ́n jọ lọ sílé ìwé, ilé yìí ló sì ti máa ń jẹun. Ó bi í bóyá á jẹ iyán.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Mo ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ kí ni?"

"Ti ìbúra." Kò gbójú sókè. "Nígbà tí ìwọ tí mo mọ̀ láti kékeré gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, mo ní ọmọ yìí ò ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Á jẹ́ pé èmi ni. Á jẹ́ pé mo kàn rò pé mo tún un kọ ni. Àgbà ti ń dé, orí mi ti ń lọ. Mo wá ń bẹ Ọlọ́run kó dárí jì mí."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Samsudeen ì bá gba ikú níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti tò sẹ́nu lójú ọ̀nà sì fò lọ.

"Ẹ ti tún un kọ, mà. Ẹ ti tún un kọ. Ẹ̀rọ mi ló pa á rẹ́. Èmi ni mo búra sí irọ́."

Obìnrin náà ti ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Á jẹ́ pé orí mi pé?"

"Ó pé, mà."

"Tún un wí."

"Orí yín pé."

Ó dìde, ó bu omi nínú àmù, ó mu ún nínú oòrùn ọ̀sán títí tó fi tán. Samsudeen ní kó dárí ji òun.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, mà."

"Ojú gbogbo èèyàn lo ti búra." Ó ti ń wé ìborùn rẹ̀. Samsudeen dìde, ó fẹ́ máa gbọn aṣọ.

"Má gbọn iyanrìn yẹn," ni Ìyá Misturat wí. "Bó o ṣe rí yẹn la ṣe máa lọ."